Ìka Méjì Lọ́wọ́ Ọ̀tún Suliat

Ẹ sún mọ́ mi díẹ̀ sí i. Ẹni tó bá gbé nǹkan kaná, kó lọ yí iná ẹ̀ wálẹ̀ kó tó wá jókòó, torí tẹ́ ẹ bá fetí kan gbọ́ ìtàn yìí, ẹ máa gbà á sódì. Ẹ má já mi lẹ́nu o. Ẹ jẹ́ kí n tú u sílẹ̀ bí mo ṣe gbọ́ ọ. Ẹnu Moyọ̀sọ́lá fúnra ẹ̀ ni mo ti gbọ́ èyí tó pọ̀ jù, àwọn tó wà níbẹ̀ ló fi ìyókù kún un.

Àsìkò táwọn sójà ń palẹ̀ ẹrù mọ́ kí wọ́n lè gbé ìjọba fún alágbádá ni. Ìparí ọdún 1998 wọ 1999. Ṣé ẹ mọ Ṣómólú, ibi tí wọ́n ti ń tẹ̀wé? Lásìkò yẹn, kò sí ṣọ́ọ̀bù tó ráyè sinmi níbẹ̀. Ẹni tó fẹ́ ṣe káńsẹ́lọ̀, ẹni tó fẹ́ ṣe ṣíámáànù, ẹni tó fẹ́ lọ Abuja, gbogbo wọn ló fẹ́ kí ojú àwọn wà lára ògiri. Ẹ máa rí ojú ọkùnrin kan náà lọ́nà ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá nílẹ̀, tó ń rẹ́rìn-ín, tí ìǹkì ò tíì gbẹ lára eyín ẹ̀.

Ọ̀gá Bámilóyè ló ni ṣọ́ọ̀bù tí mò ń sọ. Máṣíìnì méjì ló ní nínú yàrá iwájú. Nínú yàrá ẹ̀yìn, obìnrin méjì ló ń parí iṣẹ́: wọ́n ń ka pépà, wọ́n ń ká a, wọ́n ń lẹ̀ ẹ́, wọ́n ń dì í. Suliat ni àgbà níbẹ̀. Á tó bí ẹni ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n. Abúlé Òkúta ló ń gbé pẹ̀lú ọkọ ẹ̀, Saheed, tó ń jó irin ní Ladi-Lak, àti ọmọ wọn kan ṣoṣo, Rashidat, ọmọ ọdún mẹ́rin. Ìyá Raṣi ni gbogbo ṣọ́ọ̀bù ń pe Suliat. Ìkejì ẹ̀ ni Moyọ̀sọ́lá, ọmọ Ìjẹ̀bú, ẹni ọdún méjìlélógún. Wọ́n ti ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ ẹ̀, ọjọ́ ìgbéyàwó ló ń retí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí Suliat ṣe ń ka pépà, torí ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà. Á fẹ ìdì pépà bí abẹ̀bẹ̀ lọ́wọ́ òsì. Ọwọ́ ọ̀tún á wá bọ́ síbẹ̀: àtàǹpàkò á máa tì í, ìka mẹ́rin yòókù á máa gbà á, ìka kan, pépà kan. Mẹ́rin, mẹ́rin, mẹ́rin. Kò ní wò ó rárá. Á máa bá Moyọ̀sọ́lá sọ̀rọ̀ ẹni tó bímọ àti ẹni tó kó kúrò nílé, nígbà tó bá fi máa sọ ọ́ tán, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ti pé. Àwọn kọ́stọ́mà mọ̀ ọ́n. Ìdì tó bá ti ọwọ́ Suliat jáde, wọn kì í tún un kà.

Nínú oṣù kẹwàá, àwọn èèyàn olóṣèlú kan gbé ìdì pọ́sítà padà wá. Wọ́n ní òmíràn dín ní ogún, òmíràn fi mọ́kànlá lé. Ọ̀gá Bámilóyè fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní, "Ìyá Raṣi, àbí o ti ń bá ẹgbẹ́ kejì ṣe ni?" Suliat náà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀gá jáde, ó tún wọn kà, ó sì fojú sí ọwọ́ ẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Ó rí i pé ìka méjì tó kẹ́yìn, ọmọńdinrín àtèyí tó tẹ̀ lé e, ń mú pépà méjì nígbà míì, nígbà míì wọn ò mú ìkankan, àwọn ìka náà ò sì sọ fún òun.

Gbogbo wọn ní ṣọ́ọ̀bù ló mọ ohun tó fà á, àbí wọ́n rò pé àwọn mọ̀ ọ́n. Pẹtiróòlù àti tíńnà ni wọ́n fi ń fọ ìǹkì kúrò lọ́wọ́ lójoojúmọ́. Àwọn tó ń wa máṣíìnì ní iwájú máa ń fi ọwọ́ tó ti kú yangàn, wọ́n á ní ọwọ́ ẹni tó bá ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ kì í gbọ́ iná. Wọ́n sì mọ ìwòsàn ẹ̀: mílíìkì inú agolo. Mílíìkì ló ń fọ kẹ́míkà kúrò nínú ẹ̀jẹ̀. Suliat bẹ̀rẹ̀ sí í mu agolo kan láràárọ̀. Ojú ara kan tún wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìgbọ̀nwọ́ ọ̀tún ẹ̀, tí àwọ̀ ibẹ̀ ṣí bí aṣọ aró tó ti gbó, tó tóbi tó ìdérí ìgò. Ó pe ìyẹn ní làpálàpá, ó sì ń fi ọṣẹ dúdú fọ̀ ọ́. Pé làpálàpá máa ń yún èèyàn, tí èyí ò sì yún un rí, kò ro ìyẹn.

Ọjọ́ tí wọ́n ń lẹ ẹ̀yìn ìwé ni. Wọ́n ń gbé gọ́ọ̀mù kaná sítóòfù kó lè yọ́. Suliat ń fi búrọ́ọ̀ṣì kun ún, ó sì fi ẹ̀gbẹ́ ọwọ́ ọ̀tún ti ìkòkò náà kó má bàa yí. Moyọ̀sọ́lá gbọ́ òórùn kan, bí ti ẹran tó ń jó. Ó wo sítóòfù, ó wo ilẹ̀, ó wá wo ọwọ́.

Ó ní, "Ìyá Raṣi, ọwọ́ yín."

Suliat gbé ọwọ́ òsì sókè, ó ń yẹ̀ ẹ́ wò, ọ̀tún ṣì wà lára ìkòkò.

Ọjọ́ kejì ni Moyọ̀sọ́lá mú un lọ sí hẹ́ẹ̀tì sẹ́ńtà, ilé ìwòsàn àdúgbò. Nọ́ọ̀sì tó wà níbẹ̀ ń jẹ́ Oyèbísí, obìnrin gbọ̀ngbọ̀nràn kan tí kì í yára sọ̀rọ̀. Ó wo ojú tó ṣí nígbọ̀nwọ́, ó tẹ ẹ̀yìn ìgbọ̀nwọ́ náà, ó ya òwú díẹ̀, ó sì yí i ṣóńṣó. Ó ní kí Suliat pajú dé, pé ibikíbi tí òun bá ti fi òwú kàn án, kó fi ìka tọ́ka síbẹ̀. Ó fi kan èjìká, Suliat tọ́ka. Ó fi kan apá, ó tọ́ka. Ó wá fi kan ojú tó ṣí yẹn. Moyọ̀sọ́lá kà á, ìgbà méje. Suliat jókòó, ó pajú dé, ó ń retí.

Ó wá béèrè pé, "Ṣé ẹ ò tíì bẹ̀rẹ̀ ni?"

Nọ́ọ̀sì sọ òwú nù. Ó ní ẹ̀tẹ̀ ni. Bó ṣe sọ ọ́ nìyẹn, bí ẹni sọ pé ibà ni. Ó ní ó ní oògùn, ọ̀fẹ́ ni, oṣù mẹ́fà ni. Ẹ̀ẹ̀kan lóṣù, Suliat á wá gbé apá kan mì lójú òun, ìyókù á máa lò ó nílé, ẹyọ kan lójúmọ́. Ó ní tó bá ti gbé tòní mì báyìí, kò sí pé ó ń kó o ran ẹnikẹ́ni. Suliat ò sunkún. Ó tú gèlè ẹ̀, ó tún un wé. Ohun kan ṣoṣo tó béèrè ni pé ṣé ìwé tí wọ́n kọ orúkọ òun sí máa ń jáde kúrò ní yàrá yẹn.

Bàbá kan wà lórí bẹ́ǹṣì níta, Bàbá Àlímì. Ó ti tó ọdún kan tó ti ń wá síbẹ̀. Ojú ẹ̀ ti wú kókó kókó, etí ẹ̀ nípọn bí ẹni pé wọ́n fi kún un, irun ìpéǹpéjú ẹ̀ ti lọ. Ó ń jẹ ẹ̀pà, ara ẹ̀ yá gágá. Ó kí wọn, ó ní "Ẹ káàbọ̀ o, ọmọ kíláàsì tuntun." Moyọ̀sọ́lá béèrè bóyá ó ń dùn wọ́n. Bàbá ní kò dun àwọn rí, ọjọ́ kan báyìí, pé ká ní kì í ṣe dígí, àwọn ò bá má mọ̀ pé nǹkan ń ṣe àwọn. Ìyẹn kó Suliat láyà jẹ ju ohun tí nọ́ọ̀sì sọ lọ. Ó ń wo etí bàbá.

Nígbà tí wọ́n jáde, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri hẹ́ẹ̀tì sẹ́ńtà níbẹ̀, Suliat ní kí Moyọ̀sọ́lá búra fún òun pé kò ní sọ fún ẹnikẹ́ni. Moyọ̀sọ́lá ní òun búra. Suliat ní ìyẹn ò tó.

"Ọmọ tí o ò tíì bí ni kó o fi búra."

Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀. Ó ní ìdí. Saheed ti sọ ọ́ fún un rí, bí èèyàn ṣe ń sọ nǹkan ìgbà èwe, pé àbúrò bàbá òun obìnrin kan ní àrùn yẹn ní abúlé wọn lẹ́yìn Ìkòròdú. Wọ́n kọ́ àtíbàbà fún un lẹ́yìn oko. Òun Saheed, ọmọ ọdún mẹ́jọ, ni wọ́n ń rán láti gbé oúnjẹ lọ, á gbé e kalẹ̀, á wá fi ọ̀pá gígùn tì í síwájú. Títí obìnrin yẹn fi kú, kò wọ ààrin ilé mọ́. Saheed sọ ọ́ láìbínú, láìkẹ́dùn. Suliat ò gbàgbé. Moyọ̀sọ́lá gbọ́ ìtàn yẹn níbi ògiri, ó gbé ọwọ́ lé ikùn ara ẹ̀, ó sì fi ọmọ tí kò tíì bí búra.

Ìtọ̀ Suliat pọ́n lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ lo oògùn. Nọ́ọ̀sì ti kìlọ̀ fún un, síbẹ̀ ó bà á lẹ́rù. Ó sọ ọ́ sí Moyọ̀sọ́lá létí ní ṣọ́ọ̀bù. Moyọ̀sọ́lá béèrè pé àwọ̀ wo gan-an ni.

Suliat rò ó dáadáa. Ó ní, "Magẹ́ńta."

Ìǹkì pupa tí wọ́n fi ń tẹ̀wé nìyẹn o. Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín débi pé ọ̀gá yọjú wo wọn.

Oṣù kọkànlá dáa. Oṣù kejìlá dáa. Wọ́n dìbò káńsẹ́lọ̀, iṣẹ́ tún ń wọlé. Nígbà tí àwẹ̀ Ràmàdáánì bẹ̀rẹ̀, Suliat ń lo oògùn ẹ̀ ní sààrì, Saheed rò pé ti ọgbẹ́ inú ni. Ojú tó ṣí nígbọ̀nwọ́ ò tóbi sí i. Ọwọ́ ò tíì mọ pépà bíi ti tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti kọ́ bí á ṣe máa wò ó bó ṣe ń kà á. Ó ti ń lọ lẹ́sẹ̀ lẹ́sẹ̀.

Ó wá ku bí ọjọ́ mẹ́wàá kí wọ́n túnu àwẹ̀, Suliat jí, ojú tó ṣí nígbọ̀nwọ́ yẹn ti wú. Ó pọ́n, ó gbóná, ó yọ sókè bí àkàrà nínú epo. Òmíràn tó kéré yọ sápá òkè, èyí tí kò sí níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹ̀yìn ìgbọ̀nwọ́ ń ro ó bí ẹni pé wọ́n fi okùn fà á láti inú, ìrora náà ń sáré dé ọmọńdinrín. Lọ́jọ́ kẹta, ìka méjì yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ wá sínú àtẹ́lẹwọ́, kò sì lè nà wọ́n tán. Ó sọ nílé pé àwẹ̀ ni. Ó sọ ní ṣọ́ọ̀bù pé òun ṣubú ní bálùwẹ̀.

Ẹ gbọ́ ohun tó ṣe o, torí ẹni tí kò bá ṣiṣẹ́ ìtẹ̀wé rí lè má ronú bẹ́ẹ̀. Ní ṣọ́ọ̀bù yẹn, òfin kan wà tí Ọ̀gá Bámilóyè fi tọ́ gbogbo wọn. Tí iṣẹ́ bá ń jáde dáadáa tó wá dédé bà jẹ́, má tú máṣíìnì. Ohun tó o fi kún un kẹ́yìn ni kó o kọ́kọ́ yọ. Tó o bá ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ ìǹkì, dá ìǹkì àná padà. Tó bá jẹ́ pépà, dá pépà àná padà. Òfin yẹn kì í já wọn kulẹ̀. Suliat bi ara ẹ̀ pé kí ni òun fi kún ara òun kẹ́yìn. Kí oògùn tó wọ̀ ọ́, ojú kan ṣoṣo ni, kò dùn ún, ìka ẹ̀ ń nà. Oògùn wọ̀ ọ́, ó di ojú méjì, ó ń ro ó, ìka ń ká. Ó wé tábílẹ́ẹ̀tì tó kù sínú pọ́sítà kan tó bà jẹ́, ó sì tì í sínú àpò pépà ìdọ̀tí. Ọjọ́ tó yẹ kó lọ rí nọ́ọ̀sì lóṣù kìíní kọjá, kò lọ.

Lẹ́yìn ọdún ìtúnu àwẹ̀, Moyọ̀sọ́lá rí i tó ń fi eyín fa okùn tó fi ń di ìdì. Ó ní kó jẹ́ kí òun wo ọwọ́ yẹn. Suliat kọ́kọ́ fi í pamọ́ sábẹ́ ìró, ó wá mú un jáde. Ìka méjì yẹn ti tẹ̀ bí ìwọ̀ ẹja.

Moyọ̀sọ́lá béèrè ohun tí nọ́ọ̀sì sọ sí i. Suliat ní òun ò dé ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì. Ó ní òun ti yọ ohun tó ń bà á jẹ́ kúrò.

"Oògùn yẹn ló gbé àrùn náà jáde, Moyọ̀. Ó sùn síbẹ̀ jẹ́jẹ́ tẹ́lẹ̀."

Moyọ̀sọ́lá ò lè jiyàn, torí òfin ṣọ́ọ̀bù ni òun náà mọ̀. Ló bá dọ́gbọ́n lọ sí hẹ́ẹ̀tì sẹ́ńtà lọ́jọ́ kejì, òun nìkan. Nọ́ọ̀sì Oyèbísí gbọ́ ọ tán, ó fi bírò sílẹ̀. Ó béèrè pé ọjọ́ mélòó ni ìka ti ń tẹ̀. Moyọ̀sọ́lá ní ó ti ń lọ sí ọ̀sẹ̀ méjì. Nọ́ọ̀sì ní kó jókòó.

Ó ní àrùn yẹn ò le sí i rárá. Ó ní, "Ara ọ̀rẹ́ ẹ ló ń jà." Moyọ̀sọ́lá ní kò yé òun. Nọ́ọ̀sì wá béèrè ibi tó ń gbé, Moyọ̀sọ́lá ní Bariga, nọ́ọ̀sì ní ṣé ó ti rí i rí níbi táwọn fijilánté ti ń lé olè.

"Olè tó fẹ́ jí rédíò, jẹ́jẹ́ ló ń rìn. Àwọn tó ń lé e ló ń fọ́ ìkòkò, tó ń wó ọgbà. Bàbá Àlímì tẹ́ ẹ rí níta yẹn, olè kún ilé wọn dé àjà, onílé ń hanrun, ìdí tí kò fi dùn wọ́n nìyẹn. Ọ̀rẹ́ ẹ ńkọ́? Olè bíi mẹ́ta péré ló wọlé, gbogbo àdúgbò ló jí sí wọn."

Ó ní oògùn ti mú àwọn olè náà, èyí tó pọ̀ jù ti kú. Òkú wọn ni ara ń fi kùmọ̀ lù báyìí. Ibi tó sì ti ń lù wọ́n ni wàhálà ibẹ̀: inú iṣan tó ń jẹ́ kí ọwọ́ mọ nǹkan, níbi tó ti gba ojú ọ̀nà tóóró kọjá lẹ́yìn ìgbọ̀nwọ́. Iṣan ń wú, kò sí àyè tó máa wú sí, ó ń fún ara ẹ̀ lọ́rùn. Tí ara bá rọra, bíi ti Bàbá Àlímì, àrùn á pọ̀ yamùrá, ọwọ́ á pẹ́ kó tó kú. Tí ara bá gbóná, àrùn á kéré, ọwọ́ á sì lè kú lóṣù kan.

Moyọ̀sọ́lá béèrè ohun tí wọ́n lè ṣe. Nọ́ọ̀sì ní oògùn míì wà, tábílẹ́ẹ̀tì kéékèèké, òun ló máa ní kí ara sọ kùmọ̀ kalẹ̀. Suliat gbọ́dọ̀ máa lò ó, kó sì tún padà sídìí ti tẹ́lẹ̀. Moyọ̀sọ́lá ní kó fún òun, òun á gbé e lọ fún un. Nọ́ọ̀sì ní kì í ṣe Panadol, òun gbọ́dọ̀ wo ẹ̀jẹ̀ ríru ẹ̀ àti ṣúgà, òun gbọ́dọ̀ wọn bí ọwọ́ ṣe lágbára tó. Ó ní òun lè wá sílé. Moyọ̀sọ́lá ní tí ẹsẹ̀ nọ́ọ̀sì bá kan Abúlé Òkúta, Suliat ò ní ṣílẹ̀kùn.

Nọ́ọ̀sì ní, "Iṣan tó bá pẹ́ lábẹ́ kùmọ̀ kì í jí mọ́. Bó bá wá lọ́sẹ̀ yìí, ọwọ́ yẹn lè nà padà. Bó bá di oṣù mẹ́ta, mi ò lè ṣèlérí ìka kankan. Ìka tó kù sì lè tẹ̀ lé wọn."

Moyọ̀sọ́lá gbé ọ̀rọ̀ yẹn délé fún Suliat bí wọ́n ṣe sọ ọ́, olè, fijilánté, kùmọ̀, gbogbo ẹ̀. Suliat fetí sílẹ̀. Ó wá ní nọ́ọ̀sì wo ló máa sọ pé oògùn òun ló ṣe èèyàn báyìí? Ó ní kéèyàn jẹ oògùn, kó sunwọ̀n, ìyẹn yé òun. Kéèyàn jẹ oògùn, kó burú, kí wọ́n ní àpẹẹrẹ pé ó ń ṣiṣẹ́ ni, ìyẹn ò yé òun. Moyọ̀sọ́lá tún bẹ̀ ẹ́ ní ọjọ́ kẹta. Suliat ní ó ti ń rọlẹ̀. Lóòótọ́ ojú tó pọ́n yẹn ti ń dín ooru kù. Àwọn ìka ló ń tẹ̀ sí i. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, kò lè de bọ́tìnì ṣẹ́ẹ̀tì ilé-ìwé Rashidat mọ́, ó ní kí aládùúgbò bá òun dè é. Pépà ń já bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Ọ̀gá Bámilóyè bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè lọ́wọ́ àwọn èèyàn bóyá wọ́n mọ ẹni tó lè ka pépà.

Ìgbà kẹta tí Moyọ̀sọ́lá bẹ̀ ẹ́, Suliat ní tó bá tún dárúkọ hẹ́ẹ̀tì sẹ́ńtà sí òun létí, òun á mọ̀ pé ó fẹ́ kí gbogbo ayé gbọ́ ni.

Moyọ̀sọ́lá ro ó. Ìyá Suliat ti kú. Tí ọ̀gá bá gbọ́, ọjọ́ yẹn gan-an ló máa lé e. Ẹni kan ṣoṣo ló kù tó lè sọ pé ká lọ, tí Suliat ò ní lè kọ̀, òun náà sì ni ẹni tí wọ́n fi ọmọ búra nítorí ẹ̀. Ó fi ọjọ́ mẹ́rin rò ó. Lọ́jọ́ karùn-ún, ó tọrọ àyè lọ́wọ́ ọ̀gá, ó fẹsẹ̀ rìn lọ sí Ladi-Lak.

Saheed ń jó géètì kan lọ́wọ́. Ó rí i, ó ti góógùlù tó fi bojú sókè, ó ní, "Ìyàwó ojú ọ̀nà, ṣé géètì ilé ọkọ lo wá ní kí n bá ẹ jó?" Moyọ̀sọ́lá ní rárá, òun ní ọ̀rọ̀ láti bá wọn sọ ni. Ó sọ ọ́ lórí ìdúró, láti orí pépà tí kò pé títí dórí ohun tí nọ́ọ̀sì sọ. Ó dárúkọ àrùn náà lẹ́ẹ̀kan. Nígbà tó parí, Saheed béèrè pé ṣé ó lè ran ọmọ. Moyọ̀sọ́lá ní nọ́ọ̀sì ní kò lè ran ẹnikẹ́ni. Ó béèrè ìgbà tó bẹ̀rẹ̀. Moyọ̀sọ́lá sọ ọ́ fún un.

Saheed ní, "Ṣé òun ló rán ẹ?"

"Rárá o, Bàbá Raṣi. Ó ti mú mi búra pé mi ò ní sọ."

"O sì wá sọ."

"Mo sọ."

Saheed fa góógùlù padà sójú, ó sì parí ojú ibi tó ń jó.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó mú Suliat lọ sí hẹ́ẹ̀tì sẹ́ńtà. Ọ̀kadà méjì ni wọ́n gùn, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà títí nọ́ọ̀sì fi jáde wá bá a. Nọ́ọ̀sì sọ fún un pé kò sí ewu fún Saheed àti ọmọ, ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Saheed ní òun ti gbọ́, ó dúpẹ́. Nígbà tí wọ́n délé, ó di aṣọ Rashidat, ó gbé ọmọ náà lọ fún ìyá àgbà ẹ̀, ìyá Saheed, ní abúlé lẹ́yìn Ìkòròdú. Ọ̀rọ̀ tó bá Suliat sọ ò ju ẹyọ kan lọ. Ó ní kó lọ tọ́jú ọwọ́ ẹ̀. Látọjọ́ yẹn, ibi iṣẹ́ ló ń sùn.

Suliat lo oògùn méjèèjì. Mi ò mọ̀ bóyá ó gbà á gbọ́, ṣùgbọ́n ó lò ó. Kí oṣù kejì tó parí, ẹ̀yìn ìgbọ̀nwọ́ ò ro ó mọ́. Nínú oṣù kẹta, ìka tó tẹ̀ lé ọmọńdinrín bẹ̀rẹ̀ sí í nà. Nọ́ọ̀sì kọ́ ọ bí á ṣe máa gbé ọwọ́ náà lé itan, táá fi òróró wọ́ àwọn ìka ẹ̀ nà láràárọ̀. Ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù karùn-ún, tí wọ́n gbé ìjọba fún alágbádá, tí rédíò ń ké ní gbogbo ojúlé, ọwọ́ yẹn là gbalasa. Ìka kan ti mọ pépà padà. Ọmọńdinrín nà dáadáa, ó ń gbọ́ ooru, ó ń gbọ́ ohun tó wúwo, kò gbọ́ pépà. Ó ń ka pépà mẹ́ta mẹ́ta báyìí, kò sì yá bíi ti tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n iye ẹ̀ ń pé, Ọ̀gá Bámilóyè ò sì wá ẹlòmíì mọ́. Bámilóyè ò mọ nǹkan kan títí dòní. Ní oṣù keje, nọ́ọ̀sì fún un níwèé pé ó ti parí.

Saheed ò kọ̀ ọ́ sílẹ̀. Kò sì padà wálé. Lọ́jọ́ Àìkú kan lóṣù, ó ń mú Rashidat wá, á jókòó sórí ọ̀kadà níta títí wákàtí méjì á fi pé, á sì gbé ọmọ padà. Nígbà tí Moyọ̀sọ́lá ń ṣègbéyàwó nínú oṣù kejìlá, bó ṣe rí nìyẹn.

Tábìlì kan náà ni Suliat àti Moyọ̀sọ́lá ń lò. Suliat á ti ìdì síwájú ẹ̀, Moyọ̀sọ́lá á lẹ̀ ẹ́. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni Suliat bá a sọ ọ̀rọ̀ yẹn, lọ́jọ́ tó padà sẹ́nu iṣẹ́ lẹ́yìn tí Saheed gbé ọmọ lọ.

Ó ní, "Ọwọ́ mi ni, Moyọ̀sọ́lá. Èmi ni mo mọ èyí tí ǹ bá yááfì, ọwọ́ ni àbí ọmọ mi."

Moyọ̀sọ́lá ní, "Ẹ má bínú, mà." Ó wá ní tó bá tún ṣẹlẹ̀ lọ́la, òun á tún lọ sí Ladi-Lak. Suliat fa ìdì míì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á.

Ó tán lẹ́nu mi. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jókòó yìí ńkọ́? Ká ní ẹ̀yin lẹ wà níbi tábìlì yẹn, tí ìka ń tẹ̀ lójú yín lójoojúmọ́, tí nọ́ọ̀sì ti ka ọjọ́ fún yín, tẹ́ ẹ sì ti fi ọmọ tí ẹ ò tíì bí búra, kí lẹ bá ti ṣe?